Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ò kó ẹ̀jẹ̀ jọ síkùn ẹnikẹ́ni o

Ẹ jókòó díẹ̀ ti àwọn ìyá alágbo lọ́jà Sábó n'Íkòròdù, ẹ máa gbọ́ ọ: "Abẹ́rẹ́ fámílì plánín olóṣù mẹ́ta yẹn ló sé nǹkan oṣù ẹ mọ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ló ń kó jọ yẹn, òun ló ń di ìju, fibroid yẹn." Àìmọye obìnrin ló gbà á gbọ́, wọ́n á wá máa ra àgbo afọ̀lé-ọmọ mu léraléra.

Irọ́ ni jàre, kí àwọn alágbo má bínú sí mi.

Nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí tí ara tọ́jú pamọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju bí ìdajì lọ, ìyókù jẹ́ omi yíyọ̀ àti awọ inú ilé ọmọ tó já, awọ yẹn gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Tí nǹkan oṣù bá ti lọ, họ́mọ̀nù (ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀) tó ń jẹ́ estrogen á ní kí sẹ́ẹ̀lì awọ náà máa pọ̀ sí i, awọ á máa nípọn. Tí ẹyin bá bọ́, họ́mọ̀nù kejì, progesterone, á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á ní ó tó gẹ́ẹ́, á tún awọ náà ṣe de oyún, òun náà ló sì ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn wà láàyè. Oyún ò dúró? Progesterone á já wálẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á pa ara wọn létò-létò, kì í ṣe àìsàn ló pa wọ́n. Apoptosis lorúkọ ẹ̀, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mẹ́ta kan, Kerr, Wyllie àti Currie, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1972. Awọ á já, ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde, fún ọ̀pọ̀ obìnrin bíi mililita 30 sí 40 ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá píọ̀ wọ́tà kan!

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta wá ńkọ́? Ìbátan progesterone ló wà nínú ẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹyin bọ́, kì í sì í jẹ́ kí awọ nípọn. Awọ tí ò nípọn, kí ló fẹ́ já níbẹ̀? Kí lẹ wá fẹ́ fi àgbo fọ̀? Tí obìnrin bá lo ọdún kan lórí ẹ̀, bí ìdajì wọn ni kì í rí nǹkan oṣù mọ́.

Ìju ní tiẹ̀, ara iṣan ilé ọmọ ló ti ń hù, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ dídì.

Àmọ́ ẹ má fi dá ara yín lójú tí ẹ ò bá gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn fámílì plánín kankan o. Tí nǹkan oṣù ò bá wá fún oṣù mẹ́ta, ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì oyún, tí kò bá sí oyún ẹ lọ rí dókítà, torí ó lè jẹ́ pé ẹyin ò bọ́, progesterone ò yọjú, estrogen nìkan wá ń mú awọ nípọn láìsẹ́ni tó máa dá a dúró, tíyẹn bá pẹ́ jù ó lè di jẹjẹrẹ. Ẹ wá wò ó, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹbí kan náà lòun àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sá fún ní Sábó.