Àdírẹ́sì IP nìkan kò tó
Mo ka ìròyìn kan lórí bí ọlọ́pàá ṣe ń wá àwọn tó ń pín àwòrán ìbálòpọ̀ tipátipá pẹ̀lú ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kọ ọ́ ní tí ọlọ́pàá bá ti rí àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn nìyẹn. Rárá o! Iléeṣẹ́ fóònù lè fi àdírẹ́sì kan ṣoṣo bo ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwé tí ọlọ́pàá fi ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà kò bá ní nọ́ńbà port (èyí tó ń ya oníbàárà kan sọ́tọ̀ sí èkejì lórí àdírẹ́sì kan náà) àti aago gan-an, pẹ̀lú àlàyé bóyá UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé) ni, orúkọ aláìṣẹ̀ lè jáde. Àṣìṣe wákàtí kan péré ti tó. Ìjákulẹ̀ kejì ni àkókò: bí dátà bá wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ìwé láti ìjọba sí ìjọba máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù, àkọsílẹ̀ sì lè ti parẹ́ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí Àdéhùn Budapest ti 2001, tó wà fún ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó wọ inú rẹ̀ ní ibùdó tí wọ́n lè pè tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì lè pàṣẹ fún iléeṣẹ́ pé kó tọ́jú dátà náà fún ó pọ̀ jù 90 ọjọ́, èyí tí wọ́n lè sọ dọ̀tun. Ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ìwé ilé-ẹjọ́ á tẹ̀lé e.

Ẹlòmíì tó dá sí ìròyìn náà sì sọ pé Interpol, àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, kàn ń kó àwòrán jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wádìí ICSE dáadáa, ìyẹn àkójọ àwòrán àti fídíò ìlòkulò ọmọdé tí Interpol ń bójú tó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwòrán tuntun wé ti àtijọ́, kí orílẹ̀-èdè méjì má baà máa wá ọmọ kan náà tí ẹ̀kẹta ti gbà sílẹ̀. Ihò iná ara ògiri tàbí ariwo láti ìta lè tọ́ka sí ìlú. Láti 2017 ni Europol, àjọ ọlọ́pàá ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ti ń gé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ nìkan jáde nínú àwòrán, láìsí ọmọ nínú rẹ̀, kí aráàlú bá wọn dá a mọ̀.