Ẹ yé pe Munch ní ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta àwòrán rí àwòrán kan lórí fóònù mi, Ọmọ Aláìsàn tí Edvard Munch, ará Norway, yà. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fi ọ̀dà ya nǹkan kan ṣoṣo yìí, ó tún wá ń tẹ̀ ẹ́ bí ìwé ìpè ìnáwó. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Inú bí mi débi pé mi ò lè dá a lóhùn.

Sophie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni Munch ń rántí nínú àwòrán yẹn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa ọmọ náà ní 1877, ọmọ ọdún 15 péré. Munch fúnra rẹ̀ ò ju 13 lọ. Ikọ́ yẹn náà ló ti kọ́kọ́ pa ìyá wọn. Ní 1885 ló bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́: ó ń kùn ún, ó ń ha á, ó tún ń kùn ún. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ di 1927. Ní 1896 ó yà á sórí òkúta, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Paris, òmíràn pupa, òmíràn àwọ̀ ìyeyè. Ẹ wò ó dáadáa: obìnrin tó sorí kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà nínú èyí tó fi ọ̀dà yà ò sí níbẹ̀ mọ́. Orí ọmọ nìkan ló kù.

Ọ̀fọ̀ ọmọ ṣe màmá mi náà. Ogún ọdún rèé, wọn ò tíì yé sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi lọ. Lónìí, aṣọ fèrèsé ni wọ́n máa rántí. Lọ́jọ́ mìíràn, ife omi tí ọmọ náà ò lè gbé dé ẹnu. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀ láìmẹ́nu kan ara wọn, àfi bí ẹni pé wọn ò sí nínú yàrá. Nígbà tí mo rí èyí tí Munch fi òkúta tẹ̀, ara mi bù máṣọ.

Kódà nígbà tó ra kámẹ́rà ní Berlin ní 1902, ara rẹ̀ ló ń yà ṣáá. Nínú òmíràn ó ṣípò kí fọ́tò tó parí, ara rẹ̀ wá rí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí iwin, à ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ń fi ọ̀lẹ ṣe irú èyí?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Èyí tí Munch fi ọ̀dà yà ní 1896, olówó kan ló ní kó ṣe é fún òun. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀, mo kàn máa ń fò ó ni. Kò sẹ́ni tó sanwó fún màmá mi rí. Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ san án ńkọ́, tí wọ́n gbà á? Láti àná ni mo ti ń rò ó.