Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dírẹ́bà Ṣì Ní Òṣìṣẹ́: Ẹ Wo Ibi Tó Ń Sùn

"Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ti ń wa ara rẹ̀, ìyà ọlọ́kọ̀ ti tán." Ọ̀rọ̀ yìí ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò, pàápàá àwọn ará wa tó ní tírélà tó ń ná ojú ọ̀nà Texas. Àlàyé wọn ni pé kò ní sí owó iṣẹ́ dírẹ́bà mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò sọ pé ó rẹ òun. Ọkọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, owó á máa wọlé, ọ̀gá á sì jókòó sílé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọ ìṣirò owó jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó bá sì fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tẹ̀ lé e máa kan ìdin nínú iyọ̀.

Èrò náà ní ibi tó ti rí ẹsẹ̀ dúró. ATRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó máa ń ṣírò ohun tí tírélà ń ná olówó rẹ̀, sọ pé ní ọdún 2023, máìlì kan ń ná ọlọ́kọ̀ ní dọ́là 2.27. Owó iṣẹ́ dírẹ́bà àti àjẹmọ́nú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 97 nínú rẹ̀. Epo pàápàá kò jẹ owó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí i, ọwọ́ rẹ̀ á lọ tààrà sí ìyọkúrò. Ohun tí kò rò ni gbogbo nǹkan tí sẹ́ǹtì 97 yẹn ń rà, yàtọ̀ sí kéèyàn di sítíárì mú.

Ẹ bi dírẹ́bà tírélà léèrè ohun tó ń ṣe láti àárọ̀. Kó tó tẹ ọkọ̀, ó ti yí i po, ó ti fẹsẹ̀ ta táyà, ó ti wo iná, ó ti tẹ́tí bóyá afẹ́fẹ́ bíréèkì ń jò. Ó ń wo ìdè ẹrù bóyá ó ti dẹ̀, ó ń fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu géètì, ó ń bá àwọn tó ń já ẹrù fa ọ̀rọ̀, ó ń gbóòórùn táyà tó fẹ́ jó kó tó jó. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, òfin ní kó sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10, kó to àmì onígun mẹ́ta tó máa ń dán bí iná bá kàn án, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà kọ lù ú.

Àmì onígun mẹ́ta yẹn ti di ẹjọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Waymo àti Aurora, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ṣe ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, bẹ FMCSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ akẹ́rù, pé kí ó jẹ́ kí àwọn fi iná sára ọkọ̀ dípò rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Ìparí ọdún 2024 ni àjọ náà dáhùn pé rárá, ni Aurora bá gba kóòtù lọ. Ẹ gbé e yẹ̀ wò dáadáa: iṣẹ́ tí dírẹ́bà ń ṣe ní ìṣẹ́jú díẹ̀, láìbéèrè kọ́bọ̀ lé e, ló gba àwọn lọ́yà ní ohun tó ń lọ sí ọdún méjì.

Yíyẹ ọkọ̀ wò láàárọ̀ náà kò parẹ́. CVSA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ akẹ́rù wò ní Àríwá Amẹ́ríkà, ti ṣe ìlànà fún tírélà tí kò ní dírẹ́bà: ẹni tó gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40, tó sì yege ìdánwò, ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kó tó bọ́ sójú títì. Àpò ọlọ́kọ̀ ni owó ẹni yẹn ti ń jáde.

Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún 2025, Aurora bẹ̀rẹ̀ sí í fi tírélà kó ẹrù láàárín Dallas àti Houston, lójú ọ̀nà I-45, láìsí ẹnikẹ́ni lórí àga dírẹ́bà. Kò sí ẹni tí kò gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé kí oṣù Karùn-ún tó parí, PACCAR tó ṣe ọkọ̀ náà ti ní kí wọ́n dá èèyàn padà sórí àga dírẹ́bà. Ọkọ̀ ṣì ń wa ara rẹ̀, Aurora sì sọ pé ẹni náà ń wò lásán ni. Síbẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó sì ń gbowó. Mi ò fi èyí pẹ̀gàn wọn o. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìròyìn ọjọ́ kìn-ín-ní ṣírò owó ọdún kan, ìṣirò rẹ̀ ti wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù lọ ni ọgbà tí ọkọ̀ Waymo ń sùn sí. Láti ọdún 2020 ni Waymo ti ń gbé èrò láìsí dírẹ́bà ní agbègbè Phoenix, ẹnikẹ́ni sì lè wọ̀ ọ́ ní San Francisco láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ọkọ̀ Jaguar tó ń lo iná mànàmáná ni, kò sì lè ki wáyà iná bọ ara rẹ̀. Èèyàn ló ń ki í. Èèyàn ló ń nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, ló ń gbá inú rẹ̀, ló ń fọ èébì ọ̀mùtí, ló ń kó fóònù tí èrò gbàgbé pamọ́. Bí èrò bá sọ̀ kalẹ̀ tí kò ti ilẹ̀kùn, ọkọ̀ olówó ńlá yìí á dúró gbagidi, wọ́n á sì sanwó fún ẹnì kan láti wá tì í. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, inú ọgbà kan ní San Francisco, àwọn ọkọ̀ náà ń fun fèrè síra wọn láàárọ̀ kùtùkùtù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò kò rí oorun sùn, títí tí wọ́n fi tún ètò kọ̀ǹpútà wọn ṣe. Gbogbo èyí kò kan wíwa ọkọ̀ rárá. Ìtọ́jú ọkọ̀ ni, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan tún wà tí èrò kì í rí. Bí nǹkan bá rú ọkọ̀ lójú, á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà níbòmíràn. Waymo ní wọn kì í wa ọkọ̀ láti ibẹ̀, wọ́n kàn ń dáhùn ìbéèrè rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2025, iná lọ ní apá ńlá San Francisco, iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta sì kú. Àwọn ọkọ̀ náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá irú oríta bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè kó lè dá wọn lójú. Ìbéèrè rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn pẹ́, ọkọ̀ sì dúró sáàárín títì. Dírẹ́bà tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ ì bá ti wo ọ̀tún wo òsì, kó sì máa lọ.

Ibi tó kan àwa gan-an nìyí. Moove, ilé-iṣẹ́ tí Ladi Delano àti Jide Odunsi dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní ọdún 2020. Wọ́n ń gbé ọkọ̀ fún àwọn dírẹ́bà Uber, àwọn yẹn á sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ látinú ohun tí wọ́n ń pa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Waymo kéde pé Moove ni yóò máa bójú tó ọkọ̀ òun ní Phoenix, lẹ́yìn náà ní Miami: ọgbà ọkọ̀, fífi iná sí i, àti ìtọ́jú rẹ̀. Bí ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà kò bá ní iṣẹ́ lára, kí ni Waymo, tó jẹ́ ọmọ ìyá Google, fẹ́ fi wọ́n ṣe? Inú mi dùn gidigidi sí èyí. Òwò tí wọ́n fi ọkọ̀ èèyàn tó ń wakọ̀ l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ ni Amẹ́ríkà ń sanwó fún lónìí.

Ewu kan tún wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Bí dírẹ́bà kan bá ṣàṣìṣe, ọkọ̀ kan ló dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọkọ̀ kan tí kò ní dírẹ́bà, ti ilé-iṣẹ́ Cruise, wọ́ obìnrin kan nílẹ̀ ní San Francisco lẹ́yìn tí ọkọ̀ mìíràn ti kọ́kọ́ gbá a. California gba ìwé àṣẹ wọn, Cruise fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní láti tún ètò ọkọ̀ 950 ṣe. Ọpọlọ kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, nítorí náà àṣìṣe ọ̀kan di ti gbogbo wọn.

Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kàn kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wò. Òfin Amẹ́ríkà kò gba dírẹ́bà láyè láti wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó sinmi wákàtí 10. Láti Fort Worth dé Phoenix tó nǹkan bíi máìlì 1,000. Dírẹ́bà kan kò lè wà á tán láìsùn lọ́nà. Ọkọ̀ tí kì í sùn lè dé lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń rìn tọ̀sán-tòru ń jẹ táyà àti bíréèkì kíákíá, ó ń fẹ́ mẹkáníìkì lóru, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣí géètì fún un ní aago mẹ́ta òru.

Bí wọ́n bá wá bá yín pé ẹ dáwó ra irú tírélà bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, ta ni yóò pààrọ̀ táyà tó bẹ́ lóru nítòsí Centerville, láàárín Dallas àti Houston, ọkọ̀ mélòó ni òṣìṣẹ́ kan ń dáhùn fún, ta ni yóò sì san gbèsè báńkì nígbà tí wọ́n bá dá gbogbo ọkọ̀ náà dúró. Ẹ má sì lé dírẹ́bà yín. Ẹni tó ti ń wo táyà, tó ti ń tẹ́tí sí bíréèkì láti ọdún pípẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ rán lọ gba ẹ̀kọ́ wákàtí 40 yẹn.