Kọ́bọ̀ onihò tó ní "H" lára kì í ṣe àṣìṣe

Àbúrò mi kan pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó tú agolo ìyá àgbà, ó bá kọ́bọ̀ onihò (pẹ́nì ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì) ọdún 1936 níbẹ̀, lẹ́tà H wà lára rẹ̀, ìlà kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti sọ fún un lórí WhatsApp pé àṣìṣe ni H yẹn, pé ìlà náà tún bù kún un, pé mílíọ̀nù ni wọ́n ń rà á. Mo ní kó fara balẹ̀ ná.

Àmì ilé iṣẹ́ ni H. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà, Royal Mint ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan kọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń gbé lára iṣẹ́ náà fún àwọn aládàáni ní Birmingham: H ni ti Heaton, KN ni ti King's Norton. Télọ̀ ló kọ orúkọ sí ọrùn aṣọ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìmọye ọ̀nínì, ẹ̀pìnnì àti kọ́bọ̀ ló ní in.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀ o!" Òótọ́ ni pé ọba yẹn ò pé ọdún kan lórí oyè, owó rẹ̀ ò sì dé ọjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n tiwa ní ihò láàárín, kò sí orí ọba lára rẹ̀, orúkọ nìkan ni. Nítorí náà, wọn ò dúró de ẹni tó máa gbẹ́ àwòrán rẹ̀. Mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ni wọ́n tẹ̀, àwọn ìyá wa sì ná an.

Ó wá ku ìlà. Òǹtẹ̀ irin méjì ló ń há owó mọ́ àárín, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n á fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí òǹtẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ títí, ó lè sán. Ní gbogbo ìgbà tó bá tún balẹ̀, irin owó á sún wọ ibi tó sán yẹn. Ìdí nìyẹn tí ìlà tó bá ti ara òǹtẹ̀ wá fi máa ń yọ sókè lójú owó, bí iṣan lọ́wọ́ arúgbó. Bí etí òǹtẹ̀ bá tilẹ̀ já kúrò, owó á ní kókó tí kò ní àwòrán kankan létí. Ìlà tó bá jìn wọnú sábà máa ń wáyé lẹ́yìn tí owó kúrò nílé iṣẹ́. Èyí tó yọ sókè náà ò ṣọ̀wọ́n: òǹtẹ̀ kan tó sán lè tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lè fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ ni mo wí.

Bí ẹ bá ń wá àṣìṣe gidi, ẹ wo kọ́bọ̀ 1956 tó ní H. George Kẹfà ti kú ní 1952, Elizabeth ló wà lórí oyè, síbẹ̀ ẹnìkan mú òǹtẹ̀ ayé George so mọ́ ti Elizabeth, orúkọ òkú ọba sì jáde lára owó tuntun. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n orúkọ ọba ló sọ ọ́ di àṣìṣe. H wà lára àwọn tí kò ní àbùkù pẹ̀lú.

Mo ní kí àbúrò mi fi èékánná tọ ìlà tirẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó jìn wọnú, Ẹ̀gbọ́n." Ó jọ pé ìyá àgbà ti fi owó yẹn ṣí agolo rí.