Irọ́ ni pé etí àgbà ò lè gbọ́ èdè tuntun mọ́

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá, mẹ́sèèjì kan ti wọ grúùpù àwọn òbí wa ní Kubwa lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ yìí, pé téèyàn bá ti ju ọdún 7 lọ, etí ẹ̀ ò lè mọ ìró èdè míì mọ́ láéláé. Kì í ṣòótọ́ o. Mo mọ̀ pé ire làwọn tó fi ránṣẹ́ ń rò, ó kúkú níbi tó ti jọ òótọ́, torí ọmọ ọwọ́ máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ ìró tí ò sí lédè ilé wọn, kó tó pé ọdún 1 ìyẹn á ti máa dínkù. Àmọ́ ó dínkù ni, kò tíì tán. Lọ́dún 1991 ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn àgbàlagbà ará Japan tí "l" àti "r" òyìnbó ń dàrú mọ́ létí, wọ́n ń fi ohùn oríṣiríṣi èèyàn kọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gbà á tàbí tí wọ́n kùnà, etí wọn sì là sí i.

Ẹ dán an wò. Lédè Hausa, "kara" ni pòròpórò, "ƙara" ni kéèyàn fi kún un. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ ìyá oníata ní Wuse pé kó ṣe ẹ̀ẹ́nì fún mi, ìyá kàn ń rẹ́rìn-ín, àṣé pòròpórò ni mo ń bèèrè! Ẹ ní kí aládùúgbò mẹ́ta tó gbọ́ Hausa ká méjèèjì sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ dijú, kẹ́ ẹ máa sọ èyí tẹ́ ẹ gbọ́. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí tàkọ́kọ́ ti dé.