Oko Olóko Ni Òdòdó Náà

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Seoul, olú ìlú Gúúsù Kòríà, bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ju ibi tí olúkúlùkù yóò ti lọ wo òdòdó lọ. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, nítorí pé nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, èso ni a máa ń retí lára igi, a kì í di ẹrù nítorí ìtànná rẹ̀. Lọ́dún yìí ni èmi náà gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì lọ sí Sandong ní agbègbè Gurye láti wo òdòdó sansuyu, igi olódòdó ìyeyè tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe oògùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń rọ́ lọ síbẹ̀ ni kò mọ ohun tí à ń wò, àìmọ̀ náà sì ń ni àwọn tó ni ibẹ̀ lára.

Gurye wà ní ìpínlẹ̀ Jeolla Gúúsù, lẹ́sẹ̀ òkè Jirisan, òkè tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó mítà 1,915. Bí a bá yọ òkè tó wà ní erékùṣù Jeju kúrò, kò sí èyí tó ga jù ú lọ ní gbogbo Gúúsù Kòríà. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Yongsan ní Seoul ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì sọ̀ ní Guryegu. Ẹnu ọ̀nà Gurye ni orúkọ ibùdókọ̀ yẹn túmọ̀ sí, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé orí ilẹ̀ Suncheon, ìlú tó múlé gbe Gurye, ló wà. Ìgbà tí èèyàn bá sọdá odò Seomjin ló tó wọ Gurye gan-an. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ láti ibẹ̀.

Sandong kì í ṣe abúlé kan ṣoṣo. Bangok wà létí odò tí àpáta pẹlẹbẹ tẹ́ sí, Hyeoncheon wà pẹ̀lú adágún omi kékeré rẹ̀, Sangwi sì wà lókè pátápátá, níbi tí ilé ti ń tán tí igbó òkè ti ń bẹ̀rẹ̀. Sangwi ni mo kọ́kọ́ gùn lọ. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́, débi pé mo ń gbọ́ omi tó ń ṣàn lẹ́bàá ọgbà olókùúta, tí mo sì ń gbọ́ ajá kan ṣoṣo tó ń gbó nísàlẹ̀. Igi sansuyu ló wà níbi gbogbo, lẹ́yìn ilé, létí ọ̀nà, láàárín òkúta. Lókèèrè, ó dà bí ẹni pé èéfín aláwọ̀ ìyeyè gba orí òrùlé kan dé òmíràn.

Nígbà tí mo súnmọ́ ẹ̀ka kan ni mo tó rí i pé ohun tí mo ń pè ní òdòdó kan kì í ṣe ẹyọ kan. Ìdì òdòdó wẹ́wẹ́ ni, ó lé ní ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró lórí ìtì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, pẹ̀lú ewé òdòdó mẹ́rin tó ká sẹ́yìn. Ewé igi náà fúnra rẹ̀ kò tíì yọ rárá, nítorí pé òdòdó sansuyu ló máa ń ṣáájú ewé. Èèpo ara igi ń ṣí bí awọ tó gbó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó tuntun yẹn, mo rí èso méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ́kù láti ọdún tó kọjá, wọ́n ti hunjọ, wọ́n ti dúdú, síbẹ̀ wọ́n rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Èso gbígbẹ wọ̀nyí ló sọ mí di oníbèéèrè.

Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó pàtẹ ewébẹ̀ ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní naengi, ó sì to àwọn ọ̀rá kéékèèké tí sansuyu gbígbẹ wà nínú wọn. Mo tẹrí ba, mo kí i, mo pè é ní halmeoni, bí wọ́n ti ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. Òun náà pè mí ní chonggak, ìyẹn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, ó sì ní kí n jókòó. Èdè Kòríà tí mo gbọ́ kò jinlẹ̀, tirẹ̀ sì jẹ́ èdè ìgbèríko, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ó ti ń sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ èyí tó pọ̀. Ó fi ìka méjì ṣe bí ẹni tó mú èso, ó gbé e sí eyín iwájú, ó fà á, ó sì ṣe bí ẹni tó tu nǹkan sílẹ̀.

Bí wọ́n ti ń yọ kóró sansuyu láyé ìgbà tí òun wà lọ́mọdébìnrin ló ń fi hàn mí. Èso náà máa ń pọ́n ní oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, pupa ni, kò sì tóbi ju orí ìka lọ. Ẹran ara rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Kòríà ń lò, pàápàá fún kíndìnrín. Kóró rẹ̀ kò sí lára oògùn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí a tó sá èso. Kí ẹ̀rọ tó dé, eyín ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Àwọn obìnrin àti ọmọdé a jókòó nílé ní alẹ́, wọn a máa fi eyín iwájú yọ ọ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, títí wọn yóò fi tán agbọ̀n kan tí wọn yóò sì fa òmíràn. Wọ́n ní eyín iwájú tó ti gbó ni wọ́n fi ń dá obìnrin Sandong mọ̀ nígbà náà. Ìyá yìí là ẹnu díẹ̀ kí n lè rí tirẹ̀.

Orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe igi náà ni igi yunifásítì, nítorí pé owó èso rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí fi rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Orí mi wú nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá tí bàbá rẹ̀ àgbà fi owó kòkó san owó ilé ìwé ọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ orúkọ yẹn fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé oko olóko ni à ń lọ wò. Ní ọdún 2014, ìjọba Gúúsù Kòríà fi sansuyu Gurye sínú àwọn ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ pàtàkì orílẹ̀-èdè náà, òun ni ó sì ṣe ìkẹta nínú wọn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n bu ọlá fún, ìyẹn bí àwọn èèyàn ṣe gbin igi sórí ilẹ̀ tí kò gba ìrẹsì, tí wọ́n sì fi òkúta orí ilẹ̀ yẹn mọ ọgbà yí i ká. Àlejò lójú, kò fi ríran, ni àwọn àgbà wa wí. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ní Bangok, ọ̀dọ́ méjì gun orí ọgbà olókùúta kan kí fọ́tò wọn lè dára. Kò sí sìmẹ́ńtì nínú ọgbà bẹ́ẹ̀, òkúta kan ló gbé èkejì ró. Òkúta kan yẹ̀, ó já bọ́ sínú oko. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo fóònù wọn, wọ́n lọ. Bàbá àgbàlagbà kan jáde wá, kò bá ẹnikẹ́ni wí, ó gbé òkúta náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí tí ó fi jókòó sí ààyè rẹ̀. Ojú tì mí gidigidi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ni mo gun ọgbà.

Àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́kù sí abúlé. Àwọn ọmọ tí igi yunifásítì rán nílé ìwé ti di ará ìlú ńlá. Ní ọdún 2023, ìṣirò iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí ní Gúúsù Kòríà já wálẹ̀ dé 0.72, nítorí náà n kò mọ ẹni tí yóò máa fi ọ̀pá lu ẹ̀ka igi wọ̀nyí kí èso wọn lè já bọ́ ní ogún ọdún sí i.

Ìdákẹ́jẹ́ tí à ń wá lọ síbẹ̀ pàápàá kì í ṣe òfìfo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1948, àwọn ọmọ ogun kan dìtẹ̀ sí ìjọba ní ìlú Yeosu, àwọn tó ṣẹ́kù lára wọn sì sá wọ Jirisan. Àwọn ará abúlé ẹsẹ̀ òkè náà, títí kan àwọn ti Gurye, ni ìyà rẹ̀ bọ́ sí lórí, ọ̀pọ̀ ló sì kú láìṣẹ̀. Ọdún 2021 ni òfin tó fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ wọn tó jáde. Bí mo ti mọ èyí, n kò lè pariwo lójú ọ̀nà Sandong mọ́.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ òdòdó sílẹ̀, kí ó lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó sun ibẹ̀ bí ó bá lè ṣe é, kí ó kí ẹni tó bá pàdé, kí ó má sì fọwọ́ kan ẹ̀ka. Kí ó ná owó rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí ọjọ́ tí òǹkà rẹ̀ parí sí 3 tàbí 8 bá bọ́ sí àsìkò náà, kí ó yà sí ọjà Gurye, nítorí pé ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n máa ń ná an. Ẹni tó mọ ọjà ọrún nílé yóò mọ bí ó ti rí.

Ọ̀rá méjì ni mo rà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Ó gbọ́n ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ó ní kí n se é sínú omi títí yóò fi pọ́n. Mo ti ń mu ún láràárọ̀, ó kan, ó sì korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Nígbà tí mo dìde, ó bi mí bóyá mo ti rí igi náà nígbà tó bá pọ́n fún èso. Mo ní rárá. Mo ti gba àyè ọjọ́ mẹ́rin fún oṣù Kọkànlá.