Alágbára Má Mèrò: Ta Ni Ọ̀lẹ Nínú Ọ̀rọ̀ Jean Grey?

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Òwe yìí kì í pẹ́ dé ẹnu wa. Ọmọkùnrin tó fi ìbínú ya ilẹ̀kùn, ọlọ́kadà tó ń sáré wọ àárín ọjà, ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ gbogbo òṣìṣẹ́, gbogbo wọn là ń pa á fún. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, Jean Grey ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pa á fún, obìnrin onírun pupa inú X-Men, fíìmù àwọn tí wọ́n bí agbára àràmàǹdà mọ́, ẹni tí agbára rẹ̀ ya wèrè mọ́ ọn lọ́wọ́ títí tó fi pa àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Èpè wò ó tán, wọ́n ní òwe náà bá a mu wẹ́kú. Èmi ní òwe náà dára, ẹni tí wọ́n pa á fún ni kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ná. Nínú fíìmù ọdún 2006, níbi tí Famke Janssen ti ṣe Jean, ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Charles Xavier, ẹni tó ń wọ inú ọkàn ènìyàn bí ẹni ń wọ yàrá ara rẹ̀, wá sílé àwọn òbí Jean, ó sì rí i pé agbára ọmọdébìnrin náà ju ti gbogbo àwọn tí òun ti rí lọ. Ẹ̀rù bà á. Ló bá mọ odi sínú ọkàn ọmọ, ó ti agbára yẹn mọ́ ẹ̀yìn odi, kò sì sọ fún ọlọ́kàn. Jean dàgbà, ó di dókítà, ó di olùkọ́, ó rí ẹni tí yóò fẹ́, kò mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n ń pè ní Phoenix ń bá òun gbé. Ọjọ́ tí odi wó, Scott àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Xavier fúnra rẹ̀ tẹ̀lé e, nínú ilé kan náà tó ti wá bá ọmọ náà nígbà èwe. Nígbẹ̀yìn, Jean bẹ Logan, ọ̀kan nínú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀, pé kó gba òun, Logan sì fi èékánná irin rẹ̀ gún un pa.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Bóyá àwọn tó ṣe fíìmù náà gbọ́ òwe yìí rí ni o, ogún ọdún náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n kà. Nígbà tí wọ́n tún ìtàn náà ṣe ní 2019, pẹ̀lú Sophie Turner, irọ́ náà kàn yí aṣọ wọ̀ ni: jàǹbá ọkọ̀ gba ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ní 1975, Xavier bo ìrántí ọjọ́ yẹn mọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ máa rò pé bàbá òun náà ti kú. Bàbá wà láyé. Ó kọ̀ ọ́ ni. Ọjọ́ tí Jean mọ̀ ni ilé dàrú.

Níbo wá ni Jean ti fẹ́ rí èrò? Èrò nípa kí ni? Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní irú agbára bẹ́ẹ̀ kò lè ronú nípa bí yóò ṣe lò ó. Xavier ló ní agbára, òun náà ni kò mèrò. Logan kò ó lójú nínú fíìmù náà, Xavier sì dáhùn pé nínú ohun búburú méjì, èyí tó fúyẹ́ lòun mú. Logan jẹ́ kó mọ̀ pé Jean ò rí nǹkan kan mú ní tirẹ̀. Èyí tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ilé ìwé ni Xavier yìí dá sílẹ̀! Ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí agbára wọn ń da ayé láàmú. Gbogbo ọmọ tó wọlé ló ń kọ́ bí yóò ṣe kó ara rẹ̀ níjàánu, àfi èyí tó nílò ẹ̀kọ́ náà jù. Kíkọ́ máa ń gba ọdún pípẹ́, ó máa ń fọ́ àwo, ó máa ń dá ọgbẹ́ sí olùkọ́ lára. Títì kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ìdí rèé tí mo fi ní Xavier lòwe ń bá wí. Ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ ọlọ́gbọ́n, aláàánú pàápàá, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí òwe náà bá mu lóòótọ́, ẹ lọ sí Ọ̀yọ́. Ṣàngó (Kábíyèsí, mi ò bú yín o) ní oògùn tó ń fa àrá. Kò sẹ́ni tó fi pamọ́ fún un. Ìtàn tí Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ sílẹ̀ ni pé ó gun òkè pẹ̀lú Birì ẹrú rẹ̀ àti àwọn mìíràn, ó fẹ́ fi oògùn náà dánra wò. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, òjò ti ṣú, mànàmáná ti kọ lù ààfin, ilé jó, ìyàwó àti ọmọ kú sínú iná. Ìyẹn mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi ṣeré. Òun nìyẹn. Ti Jean kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì ní ẹ̀rí. Nínú ìwé àwòrán X-Men ọdún 1980 tí ọ̀rọ̀ Phoenix ti di ìtàn ńlá, ó gbé ìràwọ̀ kan jẹ, gbogbo ẹ̀dá tó ń gbé nínú ayé tó yí ìràwọ̀ náà ká sì parun. Burúkú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó mọ ohun tó wà nínú òun, òun fúnra rẹ̀ ló yan ikú, lórí òṣùpá, kó má baà tún pa ẹlòmíràn. Ìgbà tó mọ̀ ló ronú.

Ká ní Èpè ni wọ́n bí i sí ńkọ́? Ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo. Ọmọ ọdún méje ni. Ẹnìkan gbá a létí lọ́jọ́ kan, gbogbo bàsíà tó wà ní ìlà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹja àrọ̀ ń fò sórí ilẹ̀, ọ̀sà ru dé ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àwa náà ní Xavier tiwa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti ní àjẹ́ ni, ẹlòmíràn á ní ká mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń dè é. Wọ́n á fi ebi pa á, wọ́n á nà án, wọ́n á ní ó ti jáde. Kò sí ohun tó jáde o. Ó wọlé lọ jókòó ni. Ṣebí ìyá ẹlẹ́ja mọ̀ pé àrọ̀ tí a fi pákó dé mọ́ bàsíà kò tíì kú. Ẹni tó bá ṣí i láìfura ló máa dọ́gbẹ́.

Ṣùgbọ́n a ní ọ̀nà mìíràn tó pẹ́ ju èyí lọ. Nígbà àtijọ́, ọmọ kì í pẹ́ dáyé tí wọ́n á fi ṣe ìkọsẹ̀dáyé rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó bá wá àti èèwọ̀ rẹ̀. Wọ́n kì í fi èèwọ̀ ọmọ pamọ́ fún ọmọ. Dàda mọ̀ pé Dàda lòun, àdúgbò mọ̀, orí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kàn gbé abẹ lé. Bí Ìyá Àgbà Àbẹ̀kẹ́ bá rántí èyí, etí omi ni yóò mú un lọ ní òwúrọ̀.

“Ìyá Àgbà, ṣé mo burú ni?”

“O ò burú, ọkọ mi. Agbára rẹ ló ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Ìgbà tí ebi bá ń pa ọ́ ni kó o ṣọ́ra fún jù, mo ti kíyè sí i.”

Igbá ni yóò kọ́kọ́ kọ́ láti fi ìgbì gbé, kó tó kan ọkọ̀ òfìfo, kó tó kan ọkọ̀ tí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá ìlà wọn á mọ̀; ẹni tó bá rí i tí ojú rẹ̀ ń pọ́n á ní, “Àbẹ̀kẹ́, wá jẹun.”

Èpè sì mọ bí a ṣe ń bá ẹni tó ń dẹ́rù bani sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó. Èpè ló padà tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, ìbẹ̀rù rẹ̀ kò sì jẹ́ kí Èkó sùn. Ní 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wá bá a ní Èpè, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. N ò yin Òyìnbó. Ohun tí wọ́n wá ṣe ní Èkó kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni wọ́n ṣe é. Kòsọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lára òun, ó sì mọ ohun tí òun fọwọ́ sí.

Mo sọ gbogbo èyí fún àwọn ọmọ náà. Èyí àgbà nínú wọn ní, “Àǹtí, tó bá wá kọ̀ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?” Ó lè kọ̀. Ọkọ̀ á dojú dé, owó ẹja á wọmi, ìyá rẹ̀ á sunkún. Mi ò ṣèlérí ohun mìíràn. Ọmọ náà tún ní, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù bẹ́ẹ̀ kò lè tà, kò sí ìjà nínú rẹ̀. Mo ní kó jí lọ sí Olúwo ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, kó dúró sáàárín àwọn ìyá ẹlẹ́ja àti àwọn tó wá ná ọjà láti Èkó, kó wá padà wá sọ fún mi pé kò sí ìjà.